Mo ṣe ẹ̀kọ́ TEFL oníwákàtí 120 láti Òṣogbo: ohun tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́, àti ohun tí kò sí níbẹ̀ fún ẹni tó ń wá físà

Ẹ̀kọ́ TEFL ni wọ́n fi ń kọ́ olùkọ́ bí yóò ṣe máa kọ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe tèmi, láti ilé mi ní apá Òkè-Fíà ní Òṣogbo níbí, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Yúróòpù. N kò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta irú ẹ̀kọ́ yìí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà aládàáni kan nílùú yìí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Látìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí mi ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Aǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé fi lọ sókè òkun?" Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ físà, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń wọgbó.

Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé àwọn tó ń ta TEFL, àwòrán ọ̀dọ́ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn létí òkun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n á ní kí ẹ gba ìwé-ẹ̀rí, kí ẹ gba físà working holiday, kí ẹ máa kọ́ni, kí ẹ sì máa rìn káyé. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì ló bí físà yìí: kí àwọn ọ̀dọ́ tiwa máa wá sọ́dọ̀ yín, kí tiyín náà máa wá sọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lò tó ọdún kan, kí wọ́n gbafẹ́, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fi gbọ́ bùkátà ara wọn. Ẹni ọdún 18 sí 30 ni wọ́n ń fún níbi púpọ̀, àwọn mìíràn gbà á dé 35. Ọdún 1975 ni Ọsirélíà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní 1980 ni Japan bá wọn wọ irú àdéhùn náà. Físà 417 àti 462 ni Ọsirélíà ń pè é lónìí. Youth Mobility Scheme ni ti UK, International Experience Canada ni ti Kánádà. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí èyíkéyìí nínú wọn ń gbà. Kò sí nínú ti New Zealand, kò sí nínú ti Japan. Kí èèyàn gba ìwé-ẹ̀rí TEFL mẹ́wàá, kò yí èyí padà, torí pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ìjọba sí ìjọba ló sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti mọ èyí kí n tó san kọ́bọ̀, nítorí mo lọ kà á lójú ìwé ìjọba wọn fúnra mi. Ọmọ àbúrò màmá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, ni kò mọ̀. Ó ti fẹ́ sanwó fún ájẹ́ǹtì kan nítòsí Ọláìyá, mo bá ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹ́ wa sí gan-an. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Aǹtí. TEFL wọn ni Ọsirélíà máa wò, working holiday á sì jáde." Mo ṣí ibi tí ìjọba Ọsirélíà to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè sí lórí fóònù mi, mo gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá Nàìjíríà níbẹ̀." Ó fi àtàǹpàkò fà á lọ sísàlẹ̀, ó fà á padà sókè, ó tún fà á lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀gá òun ló mọ apá ibẹ̀, ọ̀gá ò sì sí nítòsí. Àbúrò mi ti owó rẹ̀ bọ àpò, a dìde. Inú ń bí mi títí mo fi délé, nítorí àwọn ọmọ tó ti jókòó sórí àga yẹn láìsí àgbà kankan tó bá wọn béèrè.

Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tiẹ̀ bá físà náà mu, kì í ṣe ibi gbogbo ló ti lè fi kọ́ni. Ní South Korea, working holiday wọn, tó ń jẹ́ H-1, kò fàyè gba iṣẹ́ olùkọ́ èdè. E-2 ni olùkọ́ èdè gbọ́dọ̀ gbà, orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n sì kà sí pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ tiwọn: Amẹ́ríkà, UK, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Japan ní tiwọn gbà kí ẹni tó wà lórí working holiday kọ́ni. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà ni físà iṣẹ́ gidi, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbani síṣẹ́ máa dúró fún. Bí Japan bá wà lọ́kàn yín, ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní èdè kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí gírámà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti fi èdè náà kàwé fún ọdún 12, ó kéré tán. Ètò 6-3-3 tiwa jẹ́ 12 géérégé, ṣùgbọ́n ìwé ló máa jẹ́rìí. Ẹ tètè padà sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ lọ, kí ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn nígbà tí àwọn tó mọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ó dára. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn pé ó yí iṣẹ́ mi padà.

Ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, fídíò wà láàárín, ìdánwò kékeré wà ní ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn á sì kọ ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tí yóò kà á, tí yóò sì kọ èrò rẹ̀ sí i. Apá gírámà kò ní nǹkan tuntun fún ẹni tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, mo sáré kọjá ibẹ̀. Ibi tí mo ti jókòó tì í ni apá tó dá lórí bí olùkọ́ ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yé ọmọ. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ wa. Olùkọ́ á ní, "Ṣé ó yé yín?", kíláàsì á hó gèè pé, "Ó yé wa, mà!", ó parí. Wọ́n ní kí a má béèrè bẹ́ẹ̀ rárá, kí a béèrè ohun tí ẹni tí kò yé kò ní lè dáhùn. Mo gbé e dé kíláàsì SS1 mi. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé "My uncle used to live in Ilesa." Mo kà á, wọ́n kà á tẹ̀lé mi, ohùn wọn ròkè, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Mo wá bi wọ́n pé níbo ni bọ̀dá yìí ń gbé báyìí. Ọwọ́ nà sókè lọ súà: "Ilesa, ma!" Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, tó jókòó sẹ́yìn, ló ní, "Ma, he has packed out." Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò ló fi sọ ọ́, àmọ́ òun lọ́rọ̀ yé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n mọ ẹni tó yé àti ẹni tí kò yé nínú kíláàsì tí gbogbo wọn ì bá ti sọ fún mi pé ó yé àwọn.

Apá mìíràn tí mo gbádùn ni èyí tó ní kí olùkọ́ dín ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ kù. Kí ẹ wo ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń kọ́ni, kí ẹ wo iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Mo ti ń pín wọn sí méjì-méjì láti ìgbà náà. Ariwo pọ̀ sí i, ọ̀gá wa sì ti yọjú wá wò ó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó wò mí bí mo ṣe ń kọ́ni. Wọ́n ka ohun tí mo kọ, wọn kò rí mi níwájú kíláàsì. Ibí yìí ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti yàtọ̀ sí CELTA ti Cambridge àti CertTESOL ti Trinity, ìwé-ẹ̀rí méjì mìíràn fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú méjèèjì, wákàtí 6 ni èèyàn máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi lójú olùkọ́ àgbà tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Kò sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lágbàáyé tó ni orúkọ TEFL, ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú lè tẹ ìwé-ẹ̀rí jáde kó kọ 120 sí i. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé Level 5, ìyẹn ọ̀kan lára ìpele ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni tiwọn, ẹ lọ sójú ìwé Ofqual, àjọ tó ń mójú tó ìdánwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá orúkọ ìwé-ẹ̀rí náà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ohun kejì ni pé wọn kò rántí wa. Àpẹẹrẹ wọn dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Spanish, Chinese tàbí Lárúbáwá. Yorùbá tó ń fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tó sì ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ọmọ wa tó bá fẹ́ kúrò lórí "photograph" bọ́ sórí "photographer" nílò kí ẹnìkan fi hàn án pé agbára ọ̀rọ̀ náà ti ṣí kúrò níwájú bọ́ sáàárín. Èmi ni mo ṣe ètò ẹ̀kọ́ ìyẹn fúnra mi.

Ti owó: dọ́là ni wọ́n ń gbà, ẹ sì mọ bí náírà ti ṣe látìgbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà 2023. Ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń ta á ní ẹ̀dínwó, torí wọ́n máa ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Fídíò ń jẹ dátà. Ẹ wà á sílẹ̀ lóru nígbà tí iná bá wà.

Ibi tí ìwé-ẹ̀rí náà ti wúlò fún mi ni iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e sórí pèpéle kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá olùkọ́. Kí n tó rí èyí tó gbà mí, àwọn mìíràn kọ̀ mí láìgbọ́ ohùn mi, nígbà tí wọ́n rí i pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Èyí dùn mí wọra. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba orílẹ̀-èdè mi, òun ni mo fi kàwé láti kékeré, òun ni mo fi ń jẹun. Kí wọ́n gbọ́ mi ná, kí wọ́n tó sọ pé n kò yẹ.

Èyí tí mo wà níbẹ̀ báyìí ń gba ẹnikẹ́ni tó bá kógo já nínú fídíò ìfira-ẹni-hàn. Wọ́n gba owó ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan pátápátá, lẹ́yìn náà wọ́n ń yọ tiwọn lára ìyókù. Ẹ ro èyí mọ́ iye tí ẹ máa dá lé iṣẹ́ yín.

Ọmọ Bràsíl ló pọ̀ jù lára àwọn tí mo ń kọ́. Wákàtí mẹ́rin ni a fi ṣíwájú Salvador, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn ni aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa, mo ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, mo ti jẹun. Obìnrin kan níbẹ̀ máa ń fi fáwẹ́ẹ̀lì kún ìparí ọ̀rọ̀: "big" á di "bígì", "Facebook" á di "Féísìbúkì". Mo mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ ń lọ kó tó débẹ̀, nítorí bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, àwa tí a ní báàgì àti búrẹ́dì. Mo ní kó sọ "big apple" pọ̀ léraléra títí "g" fi lẹ̀ mọ́ iwájú "apple". Lẹ́yìn náà mo ní kó sọ ọ́, kó dá "apple" dúró sínú ọkàn. Ó sọ "big" láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Nígbà tó béèrè ìlú mi, tí mo ní Òṣogbo, ó kígbe "Oxum!" Ìyá rẹ̀ àgbà wà nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń ṣe ní Bràsíl, Oxum sì ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ohun ajogúnbá àgbáyé ní 2005, àti ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kankan tí mo lè rà tó máa mú un sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí olùkọ́ bá ni yín, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á. Bí físà nìkan lẹ ń wá, ẹ fi owó náà pamọ́ sí ọ̀nà CELTA, torí ìyẹn ni èmi náà ń tọ́jú owó fún báyìí. Ti ìwé-ẹ̀rí: wọ́n á ní kí ẹ fowó kún un kí wọ́n tó fi ti orí bébà ránṣẹ́. N kò san án. Mo tẹ PDF rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ọláìyá, pèpéle tí mo wà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá iṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ni kó kọ́kọ́ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà irú èyí tí wọ́n máa gbà kó tó sanwó ìfiránṣẹ́.