Ọmọbìnrin ìlera tó ń wá wo ìfúnpá Màmá mi nílé, ní Ẹ̀pẹ́

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí. Màá sọ ohun tó jẹ́ kí n yọ ọ̀kan.

Màmá mi ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí dókítà ti sọ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn wà nílé, síbẹ̀ ìfúnpá wọn ò wálẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu àbúrò wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Bí ilé ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò wa ṣe ní àwọn fẹ́ máa rán òṣìṣẹ́ wá sílé, mo yára fi orúkọ Màmá sílẹ̀.

Gbogbo wa la ń pe ọmọbìnrin tó wá ní nọ́ọ̀sì, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ní CHEW lòun, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àdúgbò, pé ọdún mẹ́ta lòun fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀ ni, wọ́n ti na apá. Ó ní, "Ó tì o, Màmá. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀ ná. Kí ẹ wá jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún." Ó ká apá aṣọ wọn sókè, ó gbé apá wọn lé tábìlì kó lè bá àyà dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n: 172/104. Bẹ́ẹ̀, bó bá ti ń tó 140/90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ní kẹ́míìsì tí a ń lọ tẹ́lẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún wọn, tí ọ̀rọ̀ ọjà ṣì wà lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé oògùn wá. Ọgbọ̀n hóró la rà, ó sì ti pé oṣù kan. Ó ń fìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: mọ́kàndínlógún ló kù. Kò jágbe mọ́ wọn. Ó kàn ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ máa ń lò ó?" Wọ́n ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ àwọn ni.

Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò mọ̀! Dókítà tó ń rí wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára fún ọdún gbọọrọ láìfọ́ni lórí, kó máa ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bútà àlùwàlá ni oògùn ń gbé báyìí. Bí Màmá bá jí fún àsúbà, wọ́n á lò ó.

Lóṣù kẹta, ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ jin kòtò. Ó ní amlodipine, oògùn ìfúnpá tí Màmá ń lò, máa ń wú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, àmọ́ òun ò láṣẹ láti yí i padà. Ó kọ ìwé fún wa lọ sí jẹ́nẹ́rà, dókítà sì dín in kù láti 10 mg sí 5 mg, ó fi oògùn mìíràn tì í. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ti iyọ̀ ló le. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bí i ṣíbí ìpo-tíì kan, ti magí wà níbẹ̀. Màmá ò tíì gbà tán.

Àbẹ̀wò lọ̀fẹ́, àwa là ń ra oògùn. Ohun tó dùn mí ni pé bátìrì ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin náà fi ń wọn ìfúnpá kú lẹ́ẹ̀mejì, owó ara rẹ̀ ló fi ra òmíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ò rí i fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, ẹnikẹ́ni ò sì pè wá. Àìsàn tí kì í gba ìsinmi! Mo ra ẹ̀rọ tiwa, mò ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé láràárọ̀. Nígbà tó padà dé, ó ka ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó wá fi ẹ̀rọ méjèèjì wọn Màmá tẹ̀léra kó lè mọ̀ bóyá tiwa ń sọ òótọ́. Tiwa ní 136/84, tirẹ̀ ní 134/82.