Fáànù àjà BLDC nínú ilé Èkó: ibi tí ó ti dára, àti ibi tí ó kù sí

Fáànù àjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí àlejò yóò wọlé tí yóò kíyè sí. Apá mẹ́ta náà ni ó ní, ó funfun bí àwọn yòókù, ìkọ́ tí fáànù àtijọ́ fi rọ̀ ni a sì fi gbé òun náà kọ́. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni iná tí ó ń jẹ. Nígbà tí ó bá ń sáré jù lọ, kì í ju nǹkan bí 30 sí 35 wáàtì lọ, nígbà tí fáànù àjà tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa ń jẹ nǹkan bí 70 sí 80. BLDC, ìkékúrú orúkọ irú íńjìnì tí ó wà nínú rẹ̀ (brushless DC), ni wọ́n máa ń kọ sí ara páálí rẹ̀. Méjì ni mo rà ní ọjà Àlàbà, a gbé wọn sí yàrá méjèèjì nínú ilé tí a háyà ní Súrùlérè, wọ́n sì ti bá wa rí ooru oṣù kẹta àti òjò oṣù keje. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n, nítorí pé ní Àlàbà, orúkọ tí ó wà lára páálí lè yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà. Irú ọjà yìí ni mo ń yẹ̀ wò.

Íńjìnì fáànù àtijọ́ ń gba iná NEPA bí ó ṣe ń bọ̀ gan-an, kápásítọ̀ ni ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́ kí ó tó lè gbéra. Gbogbo ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Èkó ni ó mọ ìṣe kápásítọ̀ yẹn: yóò di ọjọ́ kan, fáànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì máa fi igi ìgbálẹ̀ tì í kí ó tó yí. Ti BLDC kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń sọ iná NEPA di irú iná tí bátìrì ń mú wá, tí ó sì ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn wáyà bàbà inú íńjìnì, òòfà tí ó wà lára apá tí ń yí yóò sì máa tẹ̀ lé e. Nítorí èyí, iná tí ó ń ṣòfò di ooru nínú íńjìnì dínkù gan-an. Bí ẹ bá gun àga, tí ẹ pa fáànù àtijọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí ẹ sì fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ẹ ó tètè gbé ọwọ́ kúrò. Ti BLDC kì í ju pé kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ eré fáànù ni ó jọ mí lójú jù. Bí a bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, agbára tí yóò fi ti afẹ́fẹ́ máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n fáànù àtijọ́ kì í jẹ́ kí a rí èrè yìí gbà tán, pàápàá tí ó bá jẹ́ rẹ́gúlétọ̀ ńlá àtijọ́ tí ń gbóná lára ògiri ni a fi ń dín eré rẹ̀ kù, nítorí pé ńṣe ni irú rẹ́gúlétọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ iná tí ó dá dúró di ooru. BLDC kò ní rẹ́gúlétọ̀. Pátákó inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣètò eré, ní nọ́ńbà 1 tàbí 2 ó sì lè wálẹ̀ sí abẹ́ 10 wáàtì. Ní alẹ́ oṣù keje tí òjò ti rọ̀, nọ́ńbà 2 ti tó wa títí di àárọ̀.

Àǹfààní mìíràn wà tí kò sí lára páálí, tí ará Èkó nìkan ni yóò tètè mọ iyì rẹ̀, ìyẹn ti háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Láàárín aago méje sí aago mẹ́wàá alẹ́, tí gbogbo ilé tí ó wà lórí tiransifọ́mà kan náà bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù, iná àdúgbò wa máa ń rẹlẹ̀ débi pé fáànù pálọ̀, tí ó ṣì jẹ́ ti àtijọ́, kàn ń fa ẹsẹ̀ ni. Ti inú yàrá kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Eré kan náà ni ó ń sá. Bákan náà ni lórí ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò dán, fáànù àtijọ́ máa ń kùn ṣáá láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, ṣùgbọ́n BLDC kì í kùn.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nígbà ooru, fáànù yàrá máa ń ṣiṣẹ́ fún bí wákàtí 12 lójúmọ́. Yúníìtì kan ni iná 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Fáànù 75 wáàtì yóò jẹ yúníìtì 27 lóṣù; ti 30 wáàtì kò ní jẹ tó 11. Yúníìtì 16 ni ó yọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì kan fún Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ dé ₦200. Bí a bá tilẹ̀ fi ₦200 ṣírò rẹ̀, fáànù kan ṣoṣo yóò dá ₦3,200 sí fún ẹni tí ó wà ní Band A lóṣù. Owó tí mo rà á fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì fáànù lásán lọ, nítorí náà kò ní pẹ́ púpọ̀ tí àfikún owó náà yóò fi padà. Àmọ́ ẹni tí ó wà ní Band B sísàlẹ̀, tí owó yúníìtì rẹ̀ kò tó ìdajì ti Band A, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìṣirò Band A tan òun. Tirẹ̀ kò ní ju ẹgbẹ̀rún kan náírà àti díẹ̀ lọ lóṣù, bí iná bá tilẹ̀ wà.

Orí bátìrì ni fáànù yìí ti wúlò jù lọ. Bátìrì olómi 200Ah tí ó jẹ́ 12 fóòtì ní yúníìtì 2.4 nínú lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó tètè kú kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì lọ, ínfátà fúnra rẹ̀ yóò sì tún bù jẹ nínú ìdajì náà. Ká sọ pé yúníìtì kan péré ni ó kù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Fáànù àtijọ́ méjì yóò jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i, ìyẹn ni pé bí NEPA bá mú iná lọ ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ínfátà á ti máa ké. BLDC méjì lè fi wákàtí 16 lo ohun kan náà. Ẹni tí ó bá ń ronú láti ra bátìrì kejì tàbí láti fi páànẹ́ẹ̀lì sólà kún tirẹ̀, fáànù ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ tán, nítorí pé gílóòbù LED 9 wáàtì mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Fún ẹni tí ó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó gbójú lé, n kò lè sọ pé kí ó náwó yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 sí nǹkan bí ₦500 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ọ̀nà àtidín epo kù. Ṣùgbọ́n irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mu epo kí ó lè máa yí ni, 40 wáàtì tí a bá yọ lórí ẹrù rẹ̀ kò sì ní hàn nínú táǹkì.

Àléébù fáànù yìí kò kéré. Rìmóòtù ni àkọ́kọ́, nítorí kò sí ohun mìíràn tí a lè fi yí eré rẹ̀ padà. Ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó wo rìmóòtù, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n máa fi nǹkan tẹlifíṣọ̀n pàṣẹ fún fáànù ni?” Súwíìṣì ara ògiri ni ó ń lò títí ó fi lọ, ó sì bá a mu, nítorí fáànù náà máa ń padà sórí eré tí ó wà tẹ́lẹ̀ bí iná bá lọ tí ó sì dé. Ṣùgbọ́n bí rìmóòtù bá sọnù, kì í ṣe gbogbo rìmóòtù ọjà ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìkejì ni rẹ́gúlétọ̀ ògiri. Oníṣẹ́ iná tí ó wá bá wa so ó fẹ́ fi í sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, kò ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.” Ó ń ṣe nǹkan o: ó lè ba pátákó inú fáànù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wáyà lọ tààrà láti súwíìṣì.

Àléébù tí ó wúwo jù ni ti àtúnṣe. Bí fáànù àtijọ́ bá jóná, oníṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ojúẹlẹ́gbà yóò tú wáyà bàbà rẹ̀, yóò wé òmíràn sí i, fáànù yóò sì tún lo ọdún púpọ̀. Pátákó ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú BLDC, oníṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà kì í sì í ní pátákó. Nígbà tí iná ṣàdédé dé pẹ̀lú agbára lẹ́yìn àtúnṣe tiransifọ́mà àdúgbò wa, ti aládùúgbò wa lókè jóná lọ́nà yìí, íńjìnì rẹ̀ sì wà ní pípé. Ohun tí a rà torí pé kì í fi iná ṣòfò, tí ó wá di ìdọ̀tí tí a ń kó lọ sí ààtàn nítorí pátákó tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kò bá ètò mu. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọlọ́jà tí ó ń ta pátákó lọ́tọ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tí ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ iná òjijì sí ẹ̀gbẹ́ mítà.

Bí ẹ bá dé ọjà, iye wáàtì ni kí ẹ wá lára páálí, kì í ṣe “energy saving” tí wọ́n kọ gàdàgbà. Bí kò bá sí iye wáàtì, ẹ gbé e padà. Èyí tí ó bá ti Íńdíà wá máa ń ní àmì ìràwọ̀, nítorí láti ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ àmì náà di dandan fún fáànù àjà, ìràwọ̀ márùn-ún ni ó sì dára jù. Ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ iná níwájú yín, kí ẹ fi rìmóòtù gbé e láti nọ́ńbà 1 dé ìparí, kí ẹ sì tẹ́tí sí i bóyá ó ń kùn. Fáànù wa tí ó wà ní pálọ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, nítorí pé a kì í pẹ́ níbẹ̀, ara ènìyàn sì ni fáànù ń fẹ́, kì í mú yàrá òfìfo tutù. Bí kápásítọ̀ rẹ̀ bá tún kú, a ó rà òmíràn sí i.