Ẹ̀rọ awá-góòlù fún ilẹ̀ yangí: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ẹ̀rọ awá-góòlù tó dára jù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ. Ẹ kúrò ní Ìlọrin, ẹ forí lé ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo títí dé Òmù-Àrán, ilẹ̀ pupa ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, yangí sì wà nínú rẹ̀. Irin ló sọ yangí di pupa. Kò sì sí ohun tó ń da ẹ̀rọ wọ̀nyí láàmú tó irin. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ìlú tí wọ́n sọ ní Ìlọrin nítorí òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, ibẹ̀ náà la ti wá ń sá fún irin.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí òyìnbó lórí fídíò tó ń kó góòlù bí ẹni ń ṣa àgbàdo, ẹ má tíì sáré. Ilẹ̀ tirẹ̀ lè má jọ tiwa rárá.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ fọ erùpẹ̀ ibi tí ẹ ti fẹ́ wá góòlù wò. Ọ̀pọ̀ góòlù tó wà nínú odò wa, lẹ́búlẹ́bú ni, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ lẹ́búlẹ́bú. Ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ni wóró: bí orí ìṣáná, bí ẹ̀wà, bó bá jẹ́ ọjọ́ oríire, bí ekùrọ́. Abọ́ oníke tí wọ́n fi ń fọ góòlù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ lọ, igbá ìyá àgbà pàápàá lè ṣe é. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ títí tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun nìkan ló ń kù sí ìsàlẹ̀, ẹ ra abọ́, ẹ ra kápẹ́ẹ̀tì ìfọ̀yanrìn, kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí wóró kan ṣoṣo tó dún "kó" nígbà tí ẹ jù ú sínú àwo irin, ẹ lè máa kàwé yìí lọ.

Oríṣi méjì ni wọ́n

Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní VLF. Ó ń rán ìgbì sínú ilẹ̀ láìdákẹ́, bẹ́ẹ̀ ló tún ń gbọ́ èsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ní ọjà Ìpàtà n'Ílọrin tó tún ń fetí sí ẹni tó ń pè é láti òdìkejì. Bí ọjà bá pa rọ́rọ́, á gbọ́. Bí ariwo bá pọ̀, tí yangí sì ni ariwo yìí, á ṣì í gbọ́.

Èkejì ni PI. Òun máa ń ké, á dákẹ́, á wá tẹ́tí, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tó ké sínú kànga tó pa ẹnu dé láti gbọ́ ohùn tó ń padà bọ̀. Ohùn yangí máa ń tètè kú, ti góòlù a máa pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí PI fi ń wọlẹ̀ jìn níbi tí VLF ti ń ké igbe lásán. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín góòlù àti ìṣó. Gbogbo ohun tó bá ti dún, ẹ ó gbẹ́ ẹ: ìdérí ìgò, èèpo ọta ìbọn ọdẹ, eyín ọkọ́ tó ti kán láti ayé bàbá ńlá yín.

Àwọn VLF

Gold Monster 1000 ti Minelab, ilé iṣẹ́ Ọsirélíà, ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. 45 kHz ló ń lò, ìyẹn ni pé ìgbà ẹgbẹ̀rún 45 ni ìgbì rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ wóró kékeré tó, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní wọlẹ̀ jìn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó ń bá ilẹ̀ mu fúnra rẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè tàn án kó máa lò ó. Ó ní àmì kan tó ń sọ bóyá irin ni tàbí ohun tó lè jẹ́ góòlù. Ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e o. Nínú yangí, mo ti rí i tó pe wóró góòlù ní irin. Ó ní bátìrì tó ń gba ṣáàjì, ó tún ní ilé tí ẹ lè ki bátìrì kékeré ti rìmóòtù sí, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ní abúlé tí iná kì í dé.

Gold Bug 2 ti Fisher ti pẹ́ lọ́jà, 71 kHz ni, kò sì sí èyí tó ń gbọ́ wóró tíntìntín dáadáa tó o nínú àwọn tí mo ti fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa yí bọ́tìnnì láti bá ilẹ̀ mu, bí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ilẹ̀ ti yí padà, ẹ tún un yí. Ẹni tó bá ní sùúrù á jèrè rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá mi, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti fẹ́ tà á.

AT Gold ti Garrett, 18 kHz, lè wọnú omi tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ máa wá òrùka àti owó irin mọ́ góòlù ló bá mu. Fún góòlù nìkan, mi ò ní rà á.

Àwọn PI

Ibí ni owó ti ń wọlé sí ọ̀rọ̀. Nílùú òyìnbó, Gold Monster tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. GPX 6000, PI tí Minelab yìí kan náà ṣe, tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ẹ fi iye tí dọ́là jẹ́ lónìí ṣe ìṣirò, kí ẹ mí kanlẹ̀.

GPX 5000 tiwọn gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń wá góòlù nílẹ̀ Áfíríkà. Ó wọlẹ̀ jìn, ó sì ní oríṣiríṣi ìtò fún oríṣiríṣi ilẹ̀, èyí tó jẹ́ oore fún ọ̀gá, tó sì jẹ́ ìyọnu fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni ẹ ó gbé bátìrì rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú okùn. Tó bá di ọ̀sán nínú oòrùn Ẹrẹ́nà, èjìká á sọ̀rọ̀. GPX 6000 tó jáde ní 2021 fúyẹ́ jù ú lọ, kò tó kílò méjì àbọ̀, bátìrì wà lára rẹ̀, ó ń tò ara rẹ̀, ó sì ń gbọ́ wóró kékeré tí 5000 máa ń fò. SDC 2300, tí Minelab náà ṣe, wà fún etí odò: ó ń ká bí agboòrùn, ó lè wọ omi tó mítà mẹ́ta, bátìrì C mẹ́rin ló sì ń jẹ, irú èyí tó tóbi ju ti rìmóòtù lọ tí kò tó ti tọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Wóró ńlá tó jìn kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi, tí owó kò sì jẹ́ ìṣòro, ilẹ̀ pupa Ìgbómìnà, 6000 ni. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, Gold Monster ní etí odò níbi tí yangí ti dínkù, kí ẹ sì gbà pé ohun tó jìn kì í ṣe tiyín.

Ayédèrú

Ọmọkùnrin kan gbé "GPX 5000" kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò n'Ílọrin. Owó tó fi rà á kò tó ìdajì owó ojúlówó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo bu yangí kún garawa, mo ri yẹtí góòlù kan sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, mo fì ẹ̀rọ náà kọjá lórí rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé ṣíbí lé orí ilẹ̀, ó bú jáde. Mo fi èékánná ha orúkọ tó wà lára rẹ̀, lẹ́tà "M" ṣí mọ́ mi lọ́wọ́ bí èépá ọgbẹ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Minelab fúnra wọn ti ń kìlọ̀ nípa ayédèrú ẹ̀rọ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wo orúkọ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti máa tà á lórí ìkànnì wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà yẹn wà lórí rẹ̀.

Èyí tó ju ayédèrú lọ ni àwọn ọ̀pá méjì tó ń yí lọ́wọ́ tí wọ́n ní ó lè gbóòórùn góòlù láti kìlómítà kan. Irọ́ gbuu ni. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ọkùnrin kan lẹ́wọ̀n ọdún 10 nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó tà fún ìjọba Ìráàkì pé ó ń wá bọ́ǹbù. Lára nǹkan ìṣeré tí wọ́n ní ó ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló ti mú un.

Ìwé àṣẹ

Ẹ̀rọ kì í ṣe àṣẹ. Òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 fi gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mining Cadastre Office l'Ábújá ló ń fúnni ní ìwé. Kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ẹ bá sì hú nǹkan àtijọ́ nítòsí ibi bí Èsìẹ́, tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà láti 1945, ẹ má gbé e sápò. Ẹ má dá nìkan wọ igbó nírú àkókò yìí. Ẹ jẹ́ kí fijilanté mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín jáde kúrò lórí kọnkéré. Lórí kọnkéré, irin inú rẹ̀ á máa ké sí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ ò ní mọ èyí tó dára. Ẹ wá ilẹ̀ pupa, ẹ ri wóró góòlù tí ẹ mú láti ilé, ẹ fì ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ilẹ̀, ẹ fi íyáfóònù sétí. Ẹ mú òkúta yangí kan lọ́tọ̀, ẹ fì í níwájú rẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo ń ná GPX 5000 tòkunbọ̀ kan láti bí oṣù méjì. Ẹni tó ń tà á kò tíì gbà ká gbé e dé ilẹ̀ pupa. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.