Àṣíborí kẹ̀kẹ́ àbí ti skate?
Èwo ni ká rà tá a bá fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lórí Lakefront Trail ní Chicago? Ti kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, ihò pọ̀ lára ẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, ìyẹn sì dáa gan-an nígbà ooru torí ọ̀nà yẹn gùn tó máìlì 18. Ti skate máa ń móoru àmọ́ ó bo ẹ̀yìn orí dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tí ò bá sí àmì CPSC, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ẹ má fi gun kẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe gbogbo ti skate ló ní in. Fóòmù inú àṣíborí kẹ̀kẹ́, tó bá ti gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra àṣíborí míì. Ẹni tó ń lọ jìnnà, ti kẹ̀kẹ́. Ọmọ tó tún ń ṣe skate, ti skate tó lámì yẹn.