Bátìrì Olómi, AGM Tàbí Lítíọ́mù: Èwo Ló Yẹ Orin Inú Pikọ́ọ̀pù?

Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì kejì sínú pikọ́ọ̀pù tó fi ń polówó ọjà kiri ìlú, tàbí tó fi ń gbé orin lọ síbi ìnáwó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ́ẹ̀tì wò, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sórí négétíìfù bátìrì, kó tó yọ owó lápò. Amplifier oníwáàtì 1,000 lè fa nǹkan bí áńpíà 90 nígbà tí ìlù bá kì mọ́lẹ̀. Bí ojú ibi tí wáyà ti kan irin bá sì ní ìdíwọ́ tó jẹ́ 0.01 óòmù péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fólítì kan odindi tó ti ṣòfò níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyẹn. Amplifier mi máa ń kú bí ìlù ńlá bá ti dún, mo sì sáré ra bátìrì tuntun, síbẹ̀ kò yí padà. Ìgbà tí mo fi ẹnu mítà kan sí ẹ́ẹ̀tì amplifier, tí mo fi ìkejì sórí négétíìfù bátìrì, tí orin sì ń lọ lọ́wọ́, ni mo rí fólítì 0.9. Orí ọ̀dà ni rewáyà tó ṣe é dè é mọ́. Mo ha ọ̀dà náà títí irin fi ń kọ mànà, mo fún nọ́ọ̀tì le dáadáa, mo fi gírísì bò ó kí ìdóògún má bàa mú un, mítà sì wálẹ̀ sí 0.1. Owó bátìrì ti lọ ná.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà so ẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni kí wáyà kúkurú, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kan ṣásì lẹ́gbẹ̀ẹ́ amplifier. Èkejì ni kí wọ́n fa wáyà padà dé orí bátìrì. Ti ṣásì ni mo fara mọ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn wáyà tó so bátìrì àti ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásì bá nípọn tó ti pọ́sítíìfù. Èkejì ń jẹ wáyà púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló yẹ ọkọ̀ tí ìdóògún ti jẹ ṣásì rẹ̀. Kọ́pà gidi ni kí ẹ rà: èyí tí wọ́n fi kọ́pà bo alumíníọ́mù máa ń funfun nínú bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á, kì í sì í gbé iná ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí kọ́pà ń gbé.

Ní ti bátìrì fúnra rẹ̀, owó olómi ló kéré jù, ṣùgbọ́n ó ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde bó bá ń gba iná lọ́wọ́, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ènìyàn jókòó sí. AGM ni bátìrì tí wọ́n dé pa, tí òwú gíláàsì inú rẹ̀ fa ásíìdì mu: omi rẹ̀ kì í dànù, ó lè wà lẹ́yìn àga, ó sì ń yára gba iná. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ kí a máa lò wọ́n kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́, nígbà tí lítíọ́mù lè gbà kí a lo nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Bí orin bá ń jẹ áńpíà 25 láìtan ẹ́ńjìnnì, AGM tó jẹ́ 100Ah (ìyẹn áńpíà 25 fún wákàtí mẹ́rin lórí ìwé bí a bá lò ó tán) yóò gbé e fún wákàtí méjì, lítíọ́mù 100Ah yóò sì kọjá mẹ́ta. AGM náà wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 30. Lítíọ́mù kì í tó ìdajì rẹ̀.

Ibi gbígba iná ni wọ́n ti yàtọ̀ jù. Rílè tó ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ bí fólítì bá dé nǹkan bíi 13.3, tó sì ń já wọn bó bá wálẹ̀ sí 12.8, ti tó fún olómi àti AGM lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí alternator rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi pèsè iná, ń mú 13.8 sí 14.4 wá. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan máa ń dín fólítì yìí kù fúnra wọn kí epo má bàa ṣòfò, rílè á sì máa já wọn láìtọ́jọ́. Lítíọ́mù ní tirẹ̀ kì í kọ iye iná tó bá rí: ó lè fà á débi pé alternator á gbóná títí yóò fi jó nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tó ń kùn, nítorí náà ẹ má rà á láìra ẹ̀rọ DC-DC tó ń díwọ̀n iná sí áńpíà 20 sí 40.

Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì máa ń wà ní títàn nígbà tí orin bá ń lọ, AGM pẹ̀lú rílè ni n bá rà. Ẹni tó ń pa ẹ́ńjìnnì fún ọ̀pọ̀ wákàtí nìkan ni owó lítíọ́mù yẹ. Èyí tó wù kí ẹ mú, fíúsì méjì ni kí ẹ fi sí wáyà tó so bátìrì méjèèjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan, torí pé bí wáyà náà bá bó láàárín, tọ̀tún tòsì ni iná yóò ti ya bò ó.