Get Back ti àwọn Beatles: ẹ má fo ibi tó ń súni

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ olórin ṣe rí mọ̀ pé orin kì í dédé wọlé. A ó lù ú, kò ní lọ. A ó tún un lù, ẹnì kan á ní kọ́ọ̀dù yẹn kò dáa, ẹlòmíì á máa fi gìtá rẹ̀ kọ orin tirẹ̀ lábẹ́nú, onílù á ti dìde lọ wá nǹkan mu. Bí The Beatles: Get Back, fíìmù nípa John, Paul, George àti Ringo onílù, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin láti Liverpool, ṣe rí fún bíi wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó tán. Béèsì ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú olórin ni mo sì fi wò ó.

Oṣù kìíní ọdún 1969 ni wọ́n ya àwòrán yìí. Michael Lindsay-Hogg ló darí rẹ̀, ó sì kó fíìmù bíi wákàtí 60 jọ, pẹ̀lú ohùn tó lé ní wákàtí 150. Fíìmù kan ṣoṣo tí kò tó wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n gé jáde nínú rẹ̀ ní 1970, wọ́n sì ti ìyókù mọ́ inú àpótí. Peter Jackson, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ló wá tú àpótí náà, tó ṣe é ní apá mẹ́ta tí Disney+, ìkànnì fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde ní ọjọ́ 25, 26 àti 27 oṣù kọkànlá 2021.

Apá kìíní ló ń lé àwọn èèyàn sá. Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n wà, ní ilé iṣẹ́ fíìmù Twickenham, níbi tí òtútù ti ń mú wọn. Ringo ní fíìmù kan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ láìpẹ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àyè pọ̀ fún wọn. Wọ́n fẹ́ kọ orin tuntun, kí wọ́n sì kọ ọ́ níwájú èrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ ọ́. Lindsay-Hogg gbé ọ̀rọ̀ ilé eré àtijọ́ kan ní Líbíà kalẹ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi. Lójoojúmọ́ ni Líbíà. Ringo ní òun ò lọ ibì kankan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Brian Epstein, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, ti kú ní oṣù kẹjọ 1967. Àgbà kò sí mọ́, ìlú sì ń bàjẹ́ lójú wa. Paul fẹ́ di ipò náà mú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn tó kù ń fajú ro.

Ẹ má torí ẹ̀ fo Twickenham. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, John kò tíì dé. Paul gbé béèsì rẹ̀, kò já okùn kọ̀ọ̀kan bí àwa onibéèsì ṣe máa ń ṣe, ó ń họ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń ta gìtá lásán. Ó ń kùn, kò tíì sí ọ̀rọ̀ kankan. George yán. Ringo jókòó, ó ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀, bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ lójú ẹni tó ń rò ó, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki: gbólóhùn kan bọ́ sójú, George gbé gìtá, Ringo ń pàtẹ́wọ́. Get Back ni! Ẹ̀rọ kámẹ́rà kò gbójú kúrò. Mo dá a padà, mo tún wò ó, mo tún dá a padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ fún wa nínú ìwé bí orin ṣe ń wáyé. Èmi kò rí i kedere báyìí rí.

Nǹkan kan tún wà nínú orin yẹn tí àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní ìlú yìí ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dúró, wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà àwọn tó ní kí àlejò máa lọ sílé. Enoch Powell, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwọn aṣíkiri ní oṣù kẹrin 1968, ìwé ìròyìn ṣì kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọkùnrin yìí sì ń fi kọrin yẹ̀yẹ́, wọ́n ń dárúkọ Powell, wọ́n ń dárúkọ àwọn ará Pakistan. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nígbẹ̀yìn. Inú mi dùn pé wọ́n yọ ọ́, torí ẹni tí kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni ì bá máa fi bú wa ní ojú pópó. Inú mi tún dùn pé Jackson fi í sílẹ̀ kí a rí i.

Ọjọ́ 10 ni George kúrò. Kò sí ariwo, kò sí àga tó fò. Ó dìde lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun ń lọ. Ẹni ọdún 25 péré ni, àbíkẹ́yìn wọn, tó ń gbé orin dáadáa wá tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fetí sí. Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí John àti Paul jọ sọ lẹ́yìn náà ní yàrá oúnjẹ, tí wọn ò mọ̀ pé àwọn tó ń ya fíìmù ti fi maikirofóònù pa mọ́ sínú ìkòkò òdòdó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbà láàárín ara wọn pé àwọn ti jẹ́ kí egbò ọmọ yìí jinlẹ̀. Èyí sì mú mi bi ara mi bóyá ó yẹ kí n máa gbọ́ ọ rárá.

George padà, wọ́n sì kó lọ sí ilé iṣẹ́ wọn ní 3 Savile Row. Ní ọjọ́ 22 ni Billy Preston yà kí wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ẹni ọdún 22, wọ́n ti mọ ara wọn ní Hamburg ní Jámánì ní 1962 nígbà tó ń bá Little Richard olórin ṣiṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti mọ dùùrù. Ó jókòó sídìí dùùrù oníná, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kàn án, gbogbo ilé yí padà. Ojú tó ti fà ro láti ìbẹ̀rẹ̀ túká. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀ fún un. Ó kàn ń gbọ́, ó ń dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ máa ń dá orin sílẹ̀ láìsọ kọ́ọ̀dù fún yín, ẹ ó mọ ọwọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orin Get Back jáde, orúkọ Preston wà lára àwo pẹ̀lú tiwọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú apá kẹta ni bí George ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó máa parí ìlà kan nínú orin rẹ̀, Something. John ní kó sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu títí èyí tó yẹ á fi dé, ó sì fi káùlífláwà dí àyè náà. Báyìí ni orin ìfẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe wà fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀fọ́ ló wà níbi tí ìfẹ́ yẹ kó wà.

Ní ti iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti ya ohùn èèyàn kúrò lára ìlù àti gìtá lórí téèpù tí gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà a máa ta gìtá sókè nígbà tí wọn ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìkọ̀kọ̀ ti tú báyìí. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi yọ ohùn John jáde fún orin Now and Then ní 2023. Àwòrán náà mọ́, àwọ̀ rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n wọ́n fọ̀ ọ́ jù fún mi. Níbòmíì ara wọn ń dán bí ẹni tí wọ́n fi ìda kùn. Níbi tí ohùn bá wà tí àwòrán kò sí, wọ́n á fi àwòrán ìgbà mìíràn bò ó. Wọ́n sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń bí mi nínú bí ẹnu kò bá bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ o. Mo ti pẹ́ nílùú yìí, èdè Liverpool ṣì ń gbá mi mú.

Yoko, olólùfẹ́ John, ńkọ́? Ó jókòó, ó ń ka ìwé, ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti fi ọdún gbọọrọ sọ pé òun ló tú wọn ká. Paul fúnra rẹ̀ sọ nínú fíìmù yìí pé yẹ̀yẹ́ ni yóò jẹ́ bí wọ́n bá ní lọ́dún 50 sí i pé torí obìnrin kan jókòó lórí ampilifáyà ni àwọn fi pínyà. Paul yìí kan náà ló wá ṣe àwo ní Èkó ní 1973, tí Fela sì kò ó lójú pé ó fẹ́ jí orin Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìyẹn ìtàn mìíràn.

Ọjọ́ 30 ni wọ́n gun orí òrùlé. Ìṣẹ́jú 42, a sì rí gbogbo rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́wàá: márùn-ún lókè, ọ̀kan ní ilé tó kọjú sí wọn, mẹ́ta ní ìgboro, ọ̀kan tí wọ́n fi pa mọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Jackson pín ojú fíìmù sí méjì mẹ́ta, kí ẹ lè máa wo John nínú aṣọ onírun Yoko bí ọlọ́pàá ṣe ń kan ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Orin márùn-ún ni, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹnu ọ̀nà mọ bí a ṣe ń dá ọlọ́pàá dúró: ẹ dúró ná, ẹ má bínú, ọ̀gá ń bọ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé òkè nígbẹ̀yìn, Mal Evans, ọmọ iṣẹ́ wọn, pa ampilifáyà George. George tan án padà.

Bí ẹ ò bá ní àkókò, apá kẹta nìkan tó yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi orí òrùlé. Àwo Blu-ray wà fún ẹni tí kò fẹ́ san owó oṣooṣù. Disney+ tún gbé fíìmù 1970 náà, Let It Be, padà ní oṣù karùn-ún 2024 lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Ó kúrú, ó sì ṣókùnkùn ju tèyí lọ. Mo gba yín nímọ̀ràn kí ẹ wo ti Jackson kọ́kọ́, kí ẹ tó wo òun.