Sáfíìsì àkọ́kọ́ fún máṣíìnì tuntun n'Íbàdàn: ẹ gbé e lọ bá Bàbá ọ̀nà Mọníyà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Boxer tàbí máṣíìnì mìíì tuntun n'Íbàdàn tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà lójú ọ̀nà Mọníyà, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Òjóò, abẹ́ igi máńgòrò ló wà, kò sí pátákó kankan níbẹ̀, Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pe mẹkáníìkì tó ni ín. Máàkì mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn, màá sọ ibi tí ààbọ̀ tó kù gbà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé Bàbá kì í dúró dìgbà tí àkókò sáfíìsì bá tó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo gbé máṣíìnì yẹn débẹ̀, tuntun nínú ọ̀rá, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bi mí ibi tí mò ń gbé, ibi tí mò ń lọ lójoojúmọ́, irú ẹrù tí mò ń gbé, wọ́n wá ṣàlàyé bí mo ṣe máa rọ́n-ìn ẹ̀, ìyẹn bí mo ṣe máa fi sùúrù gùn ún níbẹ̀rẹ̀ kí inú ẹ́ńjìnnì tuntun lè bára mu. Ibi tí mo ti rà á ńkọ́? Gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ, pé kí n tan án sílẹ̀ láti alẹ́ dàárọ̀, ó ti rọ́n-ìn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ká tan máṣíìnì sílẹ̀ dàárọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, torí owó gidi ló ń bà jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Bàbá gbé sílíńdà kan jáde, ihò irin tí pisitini ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rìbóò ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé wọ́n fá inú ẹ̀ dọ̀tun, wọ́n ní kí n fi èékánná fà á nínú. Kò dán. Ìlà tín-ín-tìn-tín ló kún inú ẹ̀, àwọn kan dà sọ́tùn-ún àwọn kan dà sósì, wọ́n gba orí ara wọn kọjá. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni o, ìlà yẹn ló ń di ọ́ìlì mú, òun náà ni ríìngì, òrùka irin tó yí pisitini ká, máa fara ha títí àwọn méjèèjì á fi bára mu. Àmọ́ ríìngì ò lè dédé fara ti ògiri sílíńdà, gáàsì tó ń jó lórí pisitini ló máa wọ ẹ̀yìn ẹ̀ tí á tì í síta. Tẹ́ ẹ bá wá tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ tó kàn ń kùn lójú kan, agbára gáàsì yẹn ò tó nǹkan, ríìngì ò ní jókòó, ọ́ìlì tó wà lára ògiri á máa jó gbẹ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà á dí, inú sílíńdà á wá máa dán gbinrin, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ àfi kẹ́ ẹ tú u. Ká tiẹ̀ gbé ti ríìngì sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ló ń mú kí Boxer tutù, kò ní omi, kò ní fáànù, tí kò bá rìn, ibo ni atẹ́gùn ti fẹ́ wá? Fáànù tábìlì táwọn kan ń gbé síwájú ẹ̀ ò lè bá ríìngì jókòó.

Ẹ́ńjìnnì tó bá bà jẹ́ báyìí á máa mu ọ́ìlì, sáìlẹ́ńsà á máa rú èéfín búlúù, kò ní lágbára, ẹni tó ni ín á sì máa pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fóun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti bà jẹ́. Pẹ̀lú iye tá à ń ra epo látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ ní 2023, ta ló tún fẹ́ máa gun nǹkan tó ń fi epo ṣòfò?

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ò le rárá. Kí n tan án, kí n dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ọ́ìlì fi yí ká, kí n máa lọ. Kí n má fa iná dópin, kí n má sì gbé e sórí eré kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, tí mo bá bọ́ sọ́nà tó dáa bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ kí n máa fa iná kí n tún máa dẹ̀ ẹ́, kí n máa lo gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òkè ni wọ́n wá dúró lé lórí jù, torí Ìbàdàn ni Ìbàdàn ń jẹ́. Tó o bá ń gun òkè Mókọ́lá tàbí Òkè Àrẹ̀mọ lórí gíà kẹrin tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n tó ń janpata tí ò lè lọ, ìyẹn burú fún un ju eré lọ, tètè já a sí gíà kejì kó lè mí. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, dẹ iná, jẹ́ kó wà nínú gíà, kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ máa fà ọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí èrò méjì lẹ́yìn, kò sí àpò sìmẹ́ńtì, ó kéré tán títí tí sáfíìsì àkọ́kọ́ á fi kọjá.

Àwọn ọmọ tó gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹlòmíì tí wọ́n ń san owó ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àánú wọn ń ṣe mí níbí. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń gbé èrò mẹ́ta láti Ìwó Road, torí owó gbọ́dọ̀ pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi máṣíìnì síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín owó ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kù fún wọn, ẹ̀yin náà lẹ máa jèrè ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń pẹ́.

Ó dáa, sáfíìsì gan-an. Ìwé tó bá máṣíìnì mi wá ní 500 sí 750 kìlómítà, Bàbá ní kí n má jẹ́ kó ju 500 lọ. Ẹni tó bá ti ra ọlọ tuntun rí mọ̀ pé ohun tá a bá kọ́kọ́ lọ̀ lórí ẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, dídà nù ni, torí èérún òkúta wà nínú ẹ̀. Bí ọ́ìlì àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn. Wọ́n dà á sínú abọ́ funfun, wọ́n gbé e sóòrùn, mo sì rí i tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, èérún irin ni gbogbo ẹ̀. Kì í sì í ṣe ti ríìngì nìkan, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì nínú máṣíìnì, gbogbo ohun tí wọ́n ń fá lára wọn, inú ẹ̀ ló ń dà sí. Gbígbóná ni wọ́n ti dà á kí ìdọ̀tí lè bá a jáde, wọ́n sì fọ asẹ́ ẹ̀.

Ọ́ìlì tuntun tí wọ́n rọ sí i, 20W-50 ni (bó ṣe ki tó nìyẹn), wọ́n fi JASO MA tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀ hàn mí, àmì pé ọ́ìlì máṣíìnì ni. Ẹ máa wò ó dáadáa, ó ṣe pàtàkì. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì wà, ọ́ìlì mọ́tò míì ní ohun tó ń mú un yọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sí i kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ẹ óò máa fa iná, máṣíìnì ò ní lọ. Mẹkáníìkì tó bá ń rọ ohunkóhun tó bá ṣáà ti dúdú sínú ẹ́ńjìnnì yín, ẹ sá fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi máṣíìnì sílẹ̀ kó tutù pátápátá kí wọ́n tó wọn tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù ẹ́ńjìnnì, torí òun kì í ṣe wíwọ̀n nígbà tó bá gbóná. Wọ́n fa ṣéènì, wọ́n fi sípáànà kàn án nọ́ọ̀tì nọ́ọ̀tì, àwọn tó wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ti dẹ̀ lóòótọ́. Àtìgbà yẹn ni gíà ti ń wọlé wẹ́rẹ́, ohùn ẹ̀ dákẹ́, ọ́ìlì ò sì lọ sílẹ̀.

Kì í ṣe máṣíìnì nìkan o. Ìwé tí Toyota ń kó sínú mọ́tò tuntun sọ pé nínú 300 kìlómítà àkọ́kọ́ ká má máa tẹ bíréèkì lójijì, nínú 1,000 àkọ́kọ́ ká má sáré àsápajúdé, ká má sì máa wà á lórí eré kan náà títí. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, rọ́n-ìn tiẹ̀ ti parí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rìbóò ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tẹ́ ẹ ki ríìngì tuntun bọ̀ ọ́, sùúrù kan náà ló tún fẹ́.

Ibi tí ààbọ̀ máàkì yẹn lọ: bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìdúró yẹn sì ń gba ìdajì ọjọ́. Èyí tó tóbi jù, wọn ò lè tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé sáfíìsì yín. Tẹ́ni tó tà á fún yín bá ti ṣèlérí pé òun á tún un ṣe tó bá bà jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ìlérí yẹn ṣì dúró tẹ́ ẹ bá ṣe sáfíìsì níta, ẹ gba èsì ẹ̀ sórí WhatsApp. Owó iṣẹ́ wọn fi díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ Márúwá náà. Ẹ lè ra ọ́ìlì yín dání, Bàbá máa yẹ ìdérí ẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń tì í lọ́sàn-án, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀.